Iná Kì Í Ṣẹ́jú

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí Ìyáàfin Ọlábísí Ayọ̀ọlá kò gba iwájú ọgbà Hakeem mẹkáníìkì kọjá mọ́. Bí ó bá ti ilé rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé jáde láàárọ̀, níbi tó yẹ kó ti yà sọ́tùn-ún, òsì ni ń yà sí, yóò wá máa gba àárín ilé onílé nínú kòtò àti gegele, kí ó tó já sí ọ̀nà tó lọ sí Ìpetumodù níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Hakeem kò bú u, kò sì bá a jà. Òun ló ṣẹ Hakeem. Ẹni tó sì mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ayé kò ju méjì lọ: òun fúnra rẹ̀, àti ọmọbìnrin rewáyà kan, tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tó ń jẹ́ Ẹ̀bùnolúwa. Hakeem tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an kò tíì mọ̀. Ó rò pé màmá tíṣà náà ń bínú sí òun ni, ó sì ń fi ìkíni ránṣẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ìkíni yẹn ló ń dun Ọlábísí ju èébú lọ.

Èdè Yorùbá ni Ọlábísí ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti ń kọ́ wọn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, Ifẹ̀ ló bá ọkọ dé, ó sì gbà tọkàntọkàn pé Yorùbá ti ilé bàbá òun ló tọ́ jù. Tíṣà Alámì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí kò lè rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì lórí kó má dá sí i. Ó ti dá oníbúrẹ́dì dúró rí lójú títì nítorí ohun tó kọ sára ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ọgbà Hakeem, ní ọdún méje sẹ́yìn, ara pátákó tí ọkùnrin náà kọ sẹ́nu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. “A N TUN OKO SE” ló wà níbẹ̀.

“Oko ta lo ń tún ṣe?” ni ó bi í. “Àgbẹ̀ ni ọ́, àbí mẹkáníìkì? Àbí ọkọ àwọn obìnrin lo ń bá wọn tún ṣe?”

Hakeem rẹ́rìn-ín, ó sì wá ọ̀dà funfun. Kí Ọlábísí tó padà wá gbé mọ́tò rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo àmì ti jókòó sórí pátákó. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀.

Nígbà tí ògbólógbòó mọ́tò Ọlábísí kọṣẹ́ pátápátá, tó wá ra tòkunbọ̀ mìíràn tó kún fún bọ́tìnì àti iná wẹ́wẹ́, Hakeem ló bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí màmá jókòó sídìí sítíárìn, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi ìka tó dúdú fún ọ́ìlì tọ́ka sí ohun gbogbo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà méjì wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń dúró.

“Mà, ẹ wo iná kékeré yìí, èyí tí wọ́n ya mọ́tò tó ń yọ̀ sí. Ohun kan wà nínú mọ́tò yín yìí tó máa ń dì í mú bí ilẹ̀ bá ń yọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé, bí iná yìí bá ń ṣẹ́jú, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá...”

“Hakeem.”

“Mà.”

“Iná ń ṣe kí ni?”

“Ó ń ṣẹ́jú, mà.”

“Iná ní ojú?”

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Hakeem náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín tán.

“Ohun tó lójú ló ń ṣẹ́jú,” ni Ọlábísí wí, bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì. “Iná kì í ṣẹ́jú. Iná ń tàn ni, tàbí kó kú. Tún un sọ.”

Hakeem nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà. “Bí iná yìí bá ń tàn, ó ń ṣiṣẹ́.”

“Ẹn-ẹ́n. Yorùbá nìyẹn.”

“Ṣùgbọ́n, mà, bó bá kàn tàn, tó dúró gbagidi...”

“Kò sí ṣùgbọ́n mọ́. Ó ti yé mi. Ṣé ọ̀rọ̀ iná lásán ni kò ní yé èmi tí mo ń là á yé ọmọ ọlọ́mọ?”

Hakeem padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò bá Tíṣà Alámì jiyàn lójú oníbàárà?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlábísí ṣíná sí mọ́tò rẹ̀. Gbogbo iná wẹ́wẹ́ náà tàn pọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí wọ́n ya mọ́tò tó ń yọ̀ sí. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Hakeem ti ní bí iná bá ń tàn, ó ń ṣiṣẹ́. Ó ti kú báyìí, a jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́. Ó wá a yíká, ó sì rí bọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà tó ní irú àwòrán kan náà. Ó tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, iná náà sì tàn rekete, ó pọ́n bí pupa ẹyin adìẹ ìbílẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àṣà rẹ̀ àràárọ̀ nìyẹn. Yóò de bẹ́líìtì, yóò ṣíná, yóò fi ìka lé bọ́tìnì, yóò ní, “Olúwa, ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.” Kò ní gbé ìka kúrò títí yóò fi ṣe àmín. Bí ó bá dọ̀la, iná náà yóò tún ti kú, yóò tún tẹ̀ ẹ́. Tíṣà méjì ló máa ń bá a wọ mọ́tò lọ sí ilé ẹ̀kọ́: Fọláyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń kọ́ ìṣirò, tí òun ń pè ní Ìyá Tìmílẹ́hìn, tí ìyẹn náà ń pe òun ní Ìyá Ìrètí, àti Fúnṣọ́, ọ̀dọ́kùnrin aláwàdà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọ̀gbìn. Ó ti ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì pé mọ́tò òun ní ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n pé oorun ló ń sùn ṣáá, àfi kí òun jí i. Fúnṣọ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n gbéra láìwí pé, “Tíṣà, ẹ̀ṣọ́ ti jí? Ẹ gbá a létí díẹ̀ kó lajú.”

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, Hakeem pààrọ̀ bíréèkì iwájú mọ́tò náà. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, omi sì dúró lójú títì. Ọlábísí ṣe àṣà rẹ̀, iná tàn, wọ́n gbéra. Kò sáré ju bó ti máa ń sáré lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ìpetumodù, ọlọ́kadà kan já wọ títì láti apá ọ̀tún láìwo ẹ̀yìn. Ọlábísí fa sítíárìn sí òsì, ọlọ́kadà yè, ó tún fà á padà sí ọ̀tún. Orí mọ́tò gbọ́, ìdí rẹ̀ kò gbọ́. Ìdí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí sá ju orí lọ. Ó yí po bí ọmọ tó yọ̀ lórí àfọ̀, ó sì lọ fi ẹ̀gbẹ́ gbá òkìtì yangí kan tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Nígbà tí ohun gbogbo dákẹ́, Fúnṣọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. “Ẹ̀ṣọ́ ti sùn lọ.” Kò fi ṣe àwàdà. Iwájú ni Fọláyọ̀ jókòó sí. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà láti fi di iwájú mú, ọrùn ọwọ́ náà sì ṣẹ́. Ọwọ́ tó fi ń kọ ìṣirò sójú pátákó ni.

Bí Ọlábísí bá ti dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tíṣà yí i ká nínú yàrá wọn, tí wọ́n ń bi í pé kí ló fà á, ẹ̀rù pé wọ́n lè sọ pé kò mọ mọ́tò wà mú un lahùn.

“Hakeem ló fọwọ́ kan bíréèkì yẹn ní Sátidé,” ló wí. “Láti ìgbà tí mo ti ń wa mọ́tò, mi ò yọ̀ rí.” Ó sì tún fi kún un, nítorí ó mọ̀ pé wọn yóò rẹ́rìn-ín: “Ẹni tó ń sọ pé iná ń ṣẹ́jú, kí lẹ fẹ́ kó mọ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà sì fi ẹsẹ̀ rìn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, tíṣà mẹ́ta ti kó mọ́tò wọn kúrò lọ́dọ̀ Hakeem, Fúnṣọ́, tí mọ́tò tirẹ̀ ti bàjẹ́ síbẹ̀ tipẹ́, sì wà lára wọn. Hakeem gbé ọsàn lọ kí Fọláyọ̀ nílé, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, Ọlálékan, kò jẹ́ kó wọlé. Ó gbé ọsàn náà sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó sì padà. Ó wá pe Ọlábísí lórí fóònù.

“Mà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n wo mọ́tò yẹn. Mo so bíréèkì náà dáadáa. Mo lè fi ọmọ mi búra.”

“O ti wò ó tó, Hakeem,” ni ó fèsì, ó sì pa fóònù.

Ọ̀dọ̀ Ẹ̀bùnolúwa ni ó gbé mọ́tò náà lọ lẹ́yìn tí àwọn tó ń na ara mọ́tò ti tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ ṣe. Ọmọbìnrin náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tó máa ń fi okùn so mọ́ abẹ́ sítíárìn. Ó wo gbogbo rẹ̀ fínnífínní.

“Bíréèkì yín ò lẹ́bi kankan, mà. Ẹni tó so ó mọṣẹ́. Ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa gbé e lọ.”

Ọlábísí wọlé, ó de bẹ́líìtì, ó ṣíná, ó fi ìka lé bọ́tìnì, ó sì ń gbàdúrà rẹ̀ lábẹ́ ètè. Iná tàn.

“Ẹ̀hẹ́n, mà? Kí ló dé tí ẹ fi pa á?”

“Pa kí ni? Mo tan án ni.”

“Ẹ pa á, mà. Iná tó dúró yẹn ló ń wí fún yín pé òun ò sí níbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.”

Ó wọ ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní kí màmá wakọ̀ lọ sí orí pápá tó wà lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí koríko sì ti tutù. Ó ní kó tẹná mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí yí lásán, ó ń ta ẹrẹ̀ sókè, orí rẹ̀ sì ń gbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀bùnolúwa tẹ bọ́tìnì náà, iná kú. Ó ní kó tún tẹná. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ́ńjìnì dín ohùn kù fúnra rẹ̀, ohun kan ń kù tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mọ́tò sì wọ́ jáde nínú ẹrẹ̀ jẹ́jẹ́. Iná kékeré náà tàn, ó kú, ó tàn, ó kú.

“Ẹ rí i?” ni Ẹ̀bùnolúwa wí. “Ó ń ṣẹ́jú.”

Ọlábísí tún tẹná lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń wo iná náà.

“Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, mà, tó ń wo ibi tí ẹ yí sítíárìn sí, tó sì ń wo ibi tí mọ́tò ń lọ. Bí méjèèjì bá ti bára mu, kì í sọ̀rọ̀, iná ò ní tàn. Bí ẹ bá yí i sọ́tùn-ún tí ìdí mọ́tò fẹ́ máa sá lọ tirẹ̀, yóò di ẹsẹ̀ kan ṣoṣo mú, yóò sì gba agbára díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, títí mọ́tò yóò fi padà sójú ọ̀nà tí ẹ fẹ́. Èèyàn ò lè ṣe é. Bí ẹ̀yin bá tẹ bíréèkì, gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ tẹ̀. Ìgbà tó bá ń ṣẹ́jú ló ń bá yín di mọ́tò mú. Ìgbà tó bá tàn tó dúró, ẹ ti lé e lọ sílé.”

“Bó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo yọ̀ ńkọ́?”

“Kì í ṣe oògùn, mà. Bí táyà bá ti họ, tàbí tí ẹ bá ń sá eré àsápajúdé, kò lè gbà yín. Mi ò sì lè búra. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é.” Ó yíjú sí i. “Ṣé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́?”

“Rárá,” ni Ọlábísí wí kíákíá. “Mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lónìí ni.”

Ẹ̀bùnolúwa wo bọ́tìnì náà. Gbogbo èyí tó kù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń jọ tuntun. Òun nìkan ni àwòrán orí rẹ̀ ti ń pa rẹ́, tí ibi tí ìka ń bà ti ń dán. Ó gbé ojú kúrò, ó sì ní, “Ó dáa, mà. Ọ̀nà á là o.”

Ìtìjú náà kò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé bí omi abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ń lọ kí Fọláyọ̀ nílé, ó ń bá a fọ abọ́, ó ń bá a di irun, wọ́n jọ ń bú Hakeem. Fọláyọ̀ ń bú u, òun ń ṣe hùn-ún. Ní ọjọ́ kan ó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ, ó sì bá a pé ẹnìkan kọ ọ́ pé ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú lójú ọ̀run. Ó gbé gègé pupa, kò sì lè fi kàn án. Ó rántí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí iná ọba kò tíì dé òpópónà wọn, tí ìyá yóò gbójú sókè nídìí òwú tó ń ran, tí yóò ní, “Ọlábísí, fìtílà ń ṣẹ́jú, bu epo sí i.” Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ ni. Ó ti gbà á lẹ́nu Hakeem, ó sì ti fi èyí tí kò tọ́ rọ́pò rẹ̀. Ó fi tipátipá mú ọkùnrin náà sọ irọ́, ó sì yìn ín pé Yorùbá nìyẹn.

Síbẹ̀, kò lọ bá a. Òsì ló ń yà sí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni Bàbá Àyànlọ́wọ̀, alága ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, pè é. “Tíṣà, ọkọ Ìyá Tìmílẹ́hìn ti fẹjọ́ Hakeem sùn wá. Bó bá jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa jàǹbá yìí, a ó ti ọgbà rẹ̀ pa. A ò lè ṣe é láìgbọ́ tẹnu yín. Ọ̀la, aago mẹ́rin.”

Ọlábísí ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Yóò ní òjò ni. Yóò ní àmúwá Ọlọ́run ni. Yóò ní òun ti dárí ji Hakeem. Ọ̀rọ̀ tó dán, tó ní àmì lórí dáadáa, tí yóò gba Hakeem sílẹ̀ láìfọwọ́ kan òun. Inú ọgbà Hakeem gan-an ni wọ́n pàdé sí. Àwọn mẹkáníìkì bíi méjìlá jókòó lórí táyà àti bẹ́ǹṣì. Fọláyọ̀ wà níbẹ̀, ó so ọwọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dì mọ́ ọrùn. Ọlálékan jókòó tì í, Fúnṣọ́ sì wà lẹ́yìn wọn. Hakeem wà lórí àpótí kékeré, ó ṣí fìlà, ó ń wo ilẹ̀. Lókè orí rẹ̀ ni pátákó yẹn wà, tòun ti gbogbo àmì funfun tí Ọlábísí ní kó fi sí i.

Bí ó ti rí àwọn àmì náà, ọ̀rọ̀ tó tò tú mọ́ ọn lẹ́nu.

“Tíṣà, ẹ jókòó,” ni alága wí.

“N ó dúró, sà.” Ó dúró bí ọmọ tí wọ́n pè síwájú kíláàsì. “Bíréèkì kọ́. Bọ́tìnì kan wà nínú mọ́tò mi. Èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi pa ohun tó yẹ kó dì wá mú lọ́jọ́ náà. Àràárọ̀ ni mò ń pa á. Mo rò pé mò ń tan án ni.”

Hakeem gbójú sókè. Ó ti yé e. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti yé e. Ohun tó sì sọ ni èyí tí Ọlábísí kò retí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pọ̀ ju báyìí lọ fún màmá. Bóyá èmi ni mi ò sọ ọ́ dáadáa fún wọn.”

“Rárá,” ni Ọlábísí wí. Ohùn tíṣà rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Kò ní òmíràn. “O ṣì í. O sọ ọ́ dáadáa. O ní bó bá ń ṣẹ́jú ló ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo tún un ṣe fún ọ tí mo fi bà á jẹ́. O tún fẹ́ sọ ìyókù, mo ní kí o dákẹ́.”

Alága yọ awò ojú rẹ̀. “Nítorí náà, Tíṣà Alámì, iná ń ṣẹ́jú?”

“Ó ń ṣẹ́jú, sà.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn. Nígbà tí kò rí ẹni bá a rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Fúnṣọ́ tó lè fi ohun gbogbo ṣe àwàdà ń wo bàtà rẹ̀.

Fọláyọ̀ ló sọ̀rọ̀. “Ìyá Ìrètí, ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Ó lé lọ́sẹ̀ kan.”

“O wá sílé mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìgbà yẹn. O bá mi fọ abọ́. Mo ń bú ọmọ ọlọ́mọ, o ń gbọ́.”

“Mo ń gbọ́.”

Fọláyọ̀ dìde. Ó lọ bá Hakeem, ó fi ọwọ́ òsì tó dá kan èjìká rẹ̀, ó ní, “A jẹ ọsàn yẹn. Ẹ ṣeun.” Ó sì bá ọkọ rẹ̀ jáde láìwo ẹ̀yìn. Ọlábísí mọ̀ pé láti ọjọ́ Ajé, ìjókòó iwájú mọ́tò òun yóò ṣófo, kò sì mọ ìgbà tí ẹnìkan yóò tún jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn tú ká, Hakeem sìn ín dé ìdí mọ́tò. Ọlábísí jókòó sídìí sítíárìn, kò sì ti ilẹ̀kùn.

“Hakeem, ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, tún un sọ. Látìbẹ̀rẹ̀.”

Hakeem bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn bíi ti ìjọ́sí. “Mà, iná kékeré yìí, bó bá...” Ó wo ojú rẹ̀, ó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà. “Bó bá ń tàn, tó ń kú, tó ń tàn, tó ń kú...”

“Ṣẹ́jú,” ni Ọlábísí wí.

“Bó bá ń ṣẹ́jú, mà, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá kàn tàn, tó dúró gbagidi, kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ má bá a sáré. Bó bá kú, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń wò yín.”

Ó sọ ọ́ tán, Ọlábísí kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ṣíná. Àwọn iná wẹ́wẹ́ tàn, wọ́n sì kú. Ìka rẹ̀ gbéra lọ sí ìdí bọ́tìnì fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ti ń mọ ọ̀nà ilé. Ó fà á padà, ó fi sórí itan, ó sì gbàdúrà láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀nà iwájú ọgbà Hakeem ló gbà lọ sílé, kò gba àárín ilé onílé mọ́. Òjò ọ̀sán ti sọ gegele Ẹlẹ́yẹlé di ẹrẹ̀. Nígbà tó dé ìdajì òkè náà, ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò yọ̀ díẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ ohùn sílẹ̀, iná kékeré náà sì ṣẹ́jú sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí ẹlòmíràn nínú mọ́tò tó rí i. Ojú ti Ọlábísí síbẹ̀.